Ẹ̀rọ Atọ́nà Inú Ọkọ̀: Ẹ Wádìí Máàpù Kí Ẹ Tó Sanwó

  

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan ni ọ̀kan nínú àwọn màmá wa fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ẹnjiníà, ẹ wá ná," ni wọ́n wí. "Àbíkẹ́yìn mi tó wà ní Manchester ní òun fẹ́ ra ẹ̀rọ tí ń júwe ọ̀nà fún bàbá rẹ̀, èyí tí wọ́n ń gbé síwájú ọkọ̀. Ó ní sátẹ́láìtì ló ń lò. Ṣé ó máa mọ ọ̀nà ilẹ̀ wa níhìn-ín?"

Mo bi wọ́n léèrè ohun tó fà á. Wọ́n mí kanlẹ̀. Bàbá ti pé ẹni ọdún 71, ṣùgbọ́n wọn kò fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀, wọn kì í sì í bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní oṣù méjì ṣáájú ìgbà náà, wọ́n dá nìkan lọ sí ìsìnkú ọ̀rẹ́ wọn kan ní Adó-Èkìtì. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ sí Ìbàdàn, wọ́n yà sí ilé epo kan lẹ́yìn Ẹfọ̀n-Alààyè, ìgbà tí wọn yóò sì fi jáde, fóònù tí ọmọ-ọmọ wọn bá wọn to ọ̀nà sí ti dákẹ́. Nígbà tí wọ́n dé oríta Ìwárájà, dípò kí wọ́n yà sí ọwọ́ Iléṣà, ọwọ́ Àkúrẹ́ ni wọ́n yà sí. Ilẹ̀ ti ṣú. "Láti agogo méje alẹ́ títí di agogo mọ́kànlá kọjá, mi ò gbúròó Bàbá yín," ni Màmá wí. "Mo pe fóònù wọn títí ọwọ́ mi fi ń gbọ̀n. Olúwa ló kó wọn yọ."

Mo fẹ́ dá Màmá lóhùn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, nítorí mo rántí ohun tí ojú èmi gan-an ti rí. Ní ọdún 2019, èmi ni mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà nígbà tí bọ́ọ̀sì wa gbé ẹbí ọkọ ìyàwó láti Ìbàdàn lọ sí ibi mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ ní Owódé. Èmi ni mo tẹ orúkọ ìlú náà sínú fóònù mi, tí mo sì ń fọwọ́ sọ̀yà pé kí dẹ́rẹ́bà má ṣe da ara rẹ̀ láàmú. Fóònù kó Owódé bíi mẹ́rin síwájú mi, mo tẹ èyí tó wà lókè pátápátá. A dé Owódé lóòótọ́. Owódé Ẹ̀gbá ni. Owódé Yewa, lójú ọ̀nà Ìdírókò, ni àwọn àna wa ti ń dúró dè wá. Ìyá ọkọ ìyàwó kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé ibẹ̀, alága ìjókòó sì bu owó ìtanràn pípẹ́ lé wa lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo san ìkejì.

Ẹ̀rọ náà kò ṣìnà o. Ibi tí mo ní kó gbé wa lọ náà ló gbé wa lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti wá jókòó kọ́ bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé sátẹ́láìtì ń wo ọkọ̀ wọn láti òkè bí àwòdì ṣe ń wo òròmọdìẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sátẹ́láìtì atọ́nà kò rí yín, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ wà. Àwọn tí Amẹ́ríkà gbé sókè, tí à ń pè ní GPS, ó kéré tán 24 ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí iṣẹ́ tó lè lọ déédéé. Iye tí ń ṣiṣẹ́ máa ń tó bíi 31. Wọ́n wà ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200 sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń yí ayé po lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa kígbe bí akéde ìlú: "Èmi rèé, ibi tí mo wà rèé, ohun tí aago mi sọ rèé." Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ yín ló ń tẹ́tí sílẹ̀. Ó ń gbọ́, kì í fèsì.

Báwo ni gbígbọ́ lásán ṣe lè sọ ibi tí ènìyàn wà? Ẹ rántí bí a ti ń ṣe lọ́mọdé nígbà òjò. Bí mànàmáná bá ti kọ, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, títí àrá yóò fi sán. Bí kíkà náà bá gùn, a mọ̀ pé ibi tó ti ṣẹlẹ̀ jìnnà sí wa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ yìí ṣe ń ka àkókò tí igbe sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n igbe yìí yára ju àrá lọ ní ìlọ́po ìlọ́po: kìlómítà 300,000 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí ìṣírò aago bá fi ìdá kan péré nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá yẹ̀, ẹ̀rọ yóò fi mítà 300 ṣi ibi tí ẹ wà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé aago átọ́míìkì olówó iyebíye sínú sátẹ́láìtì. Aago pọ́ọ́kú ló wà nínú tiyín, nítorí náà sátẹ́láìtì mẹ́rin ni ó gbọ́dọ̀ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: mẹ́ta láti mọ ibi tí ó wà, ẹ̀kẹrin láti fi tún aago ara rẹ̀ ṣe.

Àwọn ológun Amẹ́ríkà ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ara wọn, wọ́n sì gbé sátẹ́láìtì GPS àkọ́kọ́ lọ sókè ní ọdún 1978. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, ọkọ̀ òfurufú èrò kan ti Korean Air Lines ṣìnà wọ ojú òfurufú Soviet. Wọ́n yìnbọn fún un, gbogbo ènìyàn 269 tó wà nínú rẹ̀ sì ṣègbé. Lẹ́yìn àjálù náà ni Ààrẹ Reagan kéde pé bí GPS bá parí, aráàlú gbogbo ayé yóò lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ó parí pátápátá ní 1995. Síbẹ̀, wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ da omi sí i fún àwa aráàlú, tó fi máa ń fi bíi mítà 100 yẹ̀, títí Ààrẹ Clinton fi ní kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000. Lónìí, bí ojú ọ̀run bá ṣí sílẹ̀, fóònù lásán lè mọ ibi tí ó wà láàárín mítà márùn-ún. Rọ́ṣíà náà ní tiwọn tó ń jẹ́ GLONASS, Yúróòpù ní Galileo, Ṣáínà sì ní BeiDou tó pé ní 2020. Bí olùtajà bá ń ka àwọn orúkọ wọ̀nyí sí yín létí láti fi gbé owó ọjà rẹ̀ ga, ẹ má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà yín. Ọ̀pọ̀ fóònù ìgbàlódé ló ń gbọ́ gbogbo wọn.

Ohun méjì ni kí ẹ mú níbẹ̀. Àkọ́kọ́, gbígbọ́ sátẹ́láìtì kì í jẹ dátà, kò sì nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìkejì, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ rí ojú ọ̀run. Bí ẹ bá wà lábẹ́ bíríìjì, tàbí láàárín àwọn ilé gogoro Marina ní Èkó níbi tí igbe náà ti ń ta bọ́ọ̀lù lára ògiri, ó lè sọ pé òpópónà kejì lẹ wà. Irú ìwé dúdú kan tí a ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀, tí ó ní irin nínú, náà máa ń dí i létí.

Wàyí o, sátẹ́láìtì kì í sọ ju ibi tí ẹ wà lọ. Pé ọ̀nà wà níbẹ̀, pé mọ́tò lè gba ibẹ̀, pé afárá rẹ̀ ṣì dúró, máàpù ló ń sọ ọ́. Ènìyàn ló sì ń ya máàpù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ní ìlú Hickory ní ìpínlẹ̀ North Carolina, Amẹ́ríkà, baba ọlọ́mọ méjì kan ń ti ibi ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ bọ̀ lálẹ́. Ẹbí rẹ̀ sọ pé fóònù júwe afárá kan fún un, àfi pé afárá náà ti wó láti ọdún 2013. Ọkọ̀ rẹ̀ já sínú odò, ó sì kú. Ní 2023 wọ́n pe Google lẹ́jọ́, wọ́n ní àwọn ará àdúgbò ti kìlọ̀ ṣáájú pé kí wọ́n tún máàpù náà ṣe. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ọkùnrin mẹ́ta kú bákan náà ní agbègbè Bareilly ní Íńdíà, lórí afárá tí kò pé. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà tí gbogbo òpópónà ti ní àkọlé, kí ni ká wá sọ nípa ọ̀nà tiwa tí òjò ọ̀sẹ̀ kan lè gé sí méjì?

Nítorí náà, máàpù ni kí ẹ kọ́kọ́ wádìí. Ta ló yà á? Ìgbà wo ni wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn? Ṣé inú ẹ̀rọ ló wà, tàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń wá?

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wo ohun tó wà lọ́jà. Ẹni tó ra tòkunbọ̀ sábà máa ń rí bọ́tìnì kan tí wọ́n kọ NAV tàbí MAP sí, inú rẹ̀ a sì dùn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti wà: Honda gbé ọ̀kan jáde ní Japan ní 1981 tí kò lo sátẹ́láìtì rárá, Mazda sì fi GPS sínú Eunos Cosmo ní 1990. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, máàpù Amẹ́ríkà ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ní Ìbàdàn, ẹ ó kàn máa rí àmì ọkọ̀ yín tó ń rìn lórí òfìfo bí ẹni tó wà lójú òkun. Èyí tó ti Japan wá lè máa bá yín sọ èdè Japan. Kí ẹnikẹ́ni má fi kọ́bọ̀ kan kún owó ọkọ̀ nítorí bọ́tìnì yìí.

Àpótí kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú, bíi ti Garmin àti TomTom, dára ní ti ara rẹ̀. Kì í jẹ dátà, ìpè fóònù kì í dí i lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì fẹ̀ fún àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ìlú òyìnbó, máàpù ilẹ̀ wọn ni wọ́n sábà fi sínú rẹ̀. Ọmọ tó wà lókè òkun gbọ́dọ̀ bèèrè bóyá máàpù Nàìjíríà wà fún un, bóyá owó ọ̀tọ̀ ni, àti bóyá wọn yóò máa tún un ṣe. Kí ó tó sanwó, kí ó tẹ orúkọ ìletò bàbá rẹ̀ sínú rẹ̀ níbẹ̀. Bí kò bá rí i, kí ó dá a padà sórí káńtà.

Rédíò Android aláwòrán ńlá tí àwọn rẹ́wáyà ń fi sínú ọkọ̀ wà pẹ̀lú. Máàpù kan náà tó wà lórí fóònù ló ń lò, nítorí náà òun náà yóò bèèrè dátà bí ẹ kò bá kó máàpù sínú rẹ̀. Okùn GPS kan máa ń bá a wá, orí rẹ̀ kò ju páálí ìṣáná lọ. Ẹ dúró ti rẹ́wáyà, kí ẹ rí i pé ó gbé orí okùn náà sí abẹ́ gíláàsì iwájú. Bí ó bá jù ú sẹ́yìn rédíò láàárín àwọn irin, ẹ ó máa pààrà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni.

Kí n má gbàgbé o: tíráákà kì í ṣe atọ́nà. Tíráákà ń gbọ́ sátẹ́láìtì, ó wá ń fi káàdì SIM ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ọkọ̀ pé ibi báyìí ni ọkọ̀ wà. Bí SIM náà kò bá lówó, odi ni. Kò ní júwe ọ̀nà fún dẹ́rẹ́bà, bẹ́ẹ̀ ni atọ́nà kò ní bá yín wá ọkọ̀ tí olè gbé. Mo ti rí ẹni tó ra ọ̀kan tó rò pé òun ti ra méjèèjì.

Fóònù ló kù, òun ni èmi fara mọ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Láti ọdún 2009 ni Google Maps ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn júwe ọ̀nà lórí fóònù láìgba owó, ó sì mọ ibi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà. Àléébù rẹ̀ ni pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń wá máàpù. Bí ọ̀nà bá ti wọ inú fóònù kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lọ, yóò máa bá yín lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, tàbí tí ẹ yà kúrò lójú ọ̀nà, kò ní lè wá òmíràn. Ohun tó ṣe Bàbá nìyẹn. Nígbà tí wọ́n yà gba epo, wọ́n ṣèèṣì pa ìjúwe náà, kò sì sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí yóò tún un bẹ̀rẹ̀. Sátẹ́láìtì wà lókè orí wọn ní gbogbo ìgbà náà. Máàpù ni kò sí.

Ìwòsàn rẹ̀ kò ná yín ju dátà ìgbà díẹ̀ lọ. Nílé, ẹ wọ inú Google Maps, kí ẹ gba máàpù gbogbo agbègbè tí ẹ fẹ́ là kọjá sínú fóònù, kí ẹ sì máa tún un gbà lóòrèkóòrè. Bí ẹ bá ń lò ó láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò ní sọ ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fún yín, ṣùgbọ́n kò ní dákẹ́. OsmAnd àti Organic Maps tilẹ̀ wà tí wọ́n ń gbé máàpù pamọ́ sínú fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀. Máàpù OpenStreetMap ni wọ́n ń lò, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Britain ní 2004, tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ń yà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń jókòó ti fóònù láti òwúrọ̀ dalẹ́, ẹ lè fi òpópónà tiyín kún un. Bí ẹ bá ti gba máàpù tán, ẹ pa dátà, kí ẹ wa ọkọ̀ yí àdúgbò ká. Bí àmì yín bá ṣì ń rìn tí ohùn sì ń júwe ọ̀nà, ẹ ti múra tán.

Ẹ ra ohun ìgbéfóònù tó lágbára, kí ẹ fi sí ibi tí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ti ń jáde. Fóònù tí oòrùn ń pa lórí dáṣíbọ́ọ̀dù máa ń gbóná títí yóò fi pa ara rẹ̀. Ẹ ra ṣájà ọkọ̀ tó dára pẹ̀lú, nítorí iṣẹ́ yìí máa ń mu bátìrì bí omi. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, kò gbà kí awakọ̀ máa lo fóònù lórí ìrìn, nítorí náà kí ẹ ti to gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó ṣí iná ọkọ̀. Ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ni kí ó máa tẹ̀ ẹ́.

Ní ti orúkọ ìlú, ẹ gba ẹ̀kọ́ lára mi. Adó-Èkìtì wà, Adó-Odò wà, Adó-Àwáyè náà wà. Òǹkà Owódé ni n kò tíì mọ̀. Bí wọ́n bá pè yín síbi ìnáwó, ẹ ní kí olùpè dúró síbẹ̀ gan-an, kí ó fi ibi tí ó wà ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Kí ó má ṣe ṣe é láti ilé rẹ̀ ní Èkó o, nítorí Èkó ni yóò gbé yín lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wo gbogbo ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn ìlú tí ẹ ó là kọjá sórí ìwé. Bí ẹ̀rọ bá ní kí ẹ yà sí ọ̀nà eléruku kan nítorí ìṣẹ́jú mẹ́jọ tí ẹ ó fi tètè dé, pàápàá tí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ dúró lójú títì, yóò tún ìṣírò rẹ̀ ṣe. Kò mọ kòtò, kò mọ ẹrẹ̀, kò sì mọ irú ènìyàn tó wà nínú igbó náà.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, mo ní kí Màmá sọ fún ọmọ wọn pé kí ó fi àpótí náà sílẹ̀. Fóònù tójú rẹ̀ fẹ̀, ohun ìgbéfóònù àti ṣájà ni kí ó fi owó rẹ̀ rà. Ọmọ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo lọ sí ilé wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a gba máàpù gbogbo ilẹ̀ Yorùbá sínú rẹ̀, mo sì kọ́ Màmá bí wọ́n ṣe ń lò ó, nítorí àwọn ni yóò máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Bàbá wà lórí àga wọn, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn, wọn kò dá sí wa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, wọ́n lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Adó-Àwáyè. Ní agogo márùn-ún kọjá ní ìrọ̀lẹ́, fóònù mi dún. Màmá ni. "Ẹnjiníà, a ti délé o. Bàbá yín ní kí n sọ fún yín pé àwọn ti mọ ọ̀nà yẹn tẹ́lẹ̀."